Mẹ́jọ tàbí Mẹ́rìndínlógún

Ojú ewé igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni kọ̀ǹpútà mi kú sí,
nínú iṣẹ́ ìwádìí Ọ̀gbẹ́ni Àyángbilẹ̀
lórí kòkòrò tí í jẹ ẹ̀wà nínú àpò.
Ó kọ́kọ́ ní kí n ní sùúrù. Mo ní in.
Fáànù rẹ̀ ń ké bí ọmọ tí eyín ń yọ,
ojú rẹ̀ funfun báláú,
ó sì dákẹ́.

Ìwé títẹ̀ niṣẹ́ mi l'Ágbowó.
Ìmọ̀ ẹlòmíràn ń gba ìka mi kọjá,
kì í yà kí mi nílé.

Mo di ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún náírà sínú ọ̀rá búrẹ́dì,
mo sọ̀ ní Sinimá, l'Ékòótẹ̀dó,
níbi tí wọ́n ti ń pè ọ́ ní kọ́sítọ́mà
kó o tó mọ ohun tó o fẹ́ rà.

Mùtíù ló dá mi lóhùn, sùkúdíréfà lẹ́yìn etí rẹ̀ bí kálámù.
"Àǹtí, ìrántí mélòó lẹ fẹ́ nínú rẹ̀?"
Ó ní, "Ẹ má ṣi àká mú fún tábìlì.
Àká lẹ ń kó ẹrù sí, orí tábìlì lẹ ti ń ṣiṣẹ́.
Àká ìbáà tóbi bí ààfin,
bí tábìlì bá há, ẹ ó máa sọ ọ̀kan kalẹ̀
kẹ́ ẹ tó rí àyè gbé ọ̀kan."
Mo ní, mélòó ló tó?
Ó rẹ́rìn-ín. "'Ó tó' ò sí ní Sinimá yìí."

Onígíígì mẹ́jọ, ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá.
Onímẹ́rìndínlógún, ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún géérégé.
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn:
owó ìdánwò Ìbíyẹmí ọmọ mi,
tí wọn óò ti ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,
àti bàtà, torí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kì í dúró lójú kan.

Mùtíù wo ojú mi, ó dojú ẹ̀rọ mìíràn délẹ̀,
ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ṣí ìdí rẹ̀ bí ìdérí ìṣasùn.
"Tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán yẹn, wọ́n ti jó ìrántí mọ́ ọn lára,
bí wọ́n ṣe bí i náà ni yóò ṣe kú.
Àmọ́ ẹ wo èyí. Mẹ́jọ rèé. Àyè òfìfo rèé.
Bó bá yá, ẹ padà wá fi mẹ́jọ kún un."

Bó bá yá.

Ilé bàbá mi l'Ápẹ̀tẹ̀,
irin ṣì nàró lórí òpó rẹ̀ mẹ́sàn-án,
ó ń retí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti ọdún mẹ́tàlélógún.
Àtẹ̀gùn rẹ̀ gòkè, gòkè,
ó débi sánmà, ó dúró.
Bàbá a máa ní, "A fàyè sílẹ̀ ni."
Símẹ́ńtì ò dúró dè é.
Òun náà ò kúkú dúró.
Irin dógùn-ún, òjò ń kùn ún sára ògiri.

Mo fẹ́ẹ́ tú ọ̀rá búrẹ́dì, kí n kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀,
kí n má fi nǹkan kan dá ọ̀la lókòwò.
Ni mo bá tún rántí:
orí dẹ́kì yẹn ni màámi ń sá èlùbọ́ sí,
ara irin yẹn ni wọ́n so okùn aṣọ mọ́,
ibẹ̀ ni Ìbíyẹmí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé,
tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nígbà tó bá ṣì í pè.

Mo san ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá.
Ọmọ bàbá mi ni mí.

Mùtíù dé nọ́ọ̀tì mẹ́ta padà. Ẹ̀kẹrin já bọ́.
A wá a lábẹ́ bẹ́ńṣì, a wá a nínú bàtà mi, a ò rí i.
Ó ní, "Kò burú, ẹ óò ṣáà tún ṣí i."

Lálẹ́, iná wà. Kòkòrò ẹ̀wà tún ń rìn lójú ewé.
Ìbíyẹmí ń yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, nínú ilé.
Ọwọ́ mi kan ń tẹ̀wé,
ìkejì wà nídìí ẹ̀rọ,
ó ń fi àtàǹpàkò wá ihò tí nọ́ọ̀tì ò sí.